Ẹ Kú Iṣẹ́ O, Ẹ̀yin Tí Ẹ Mọ Ibi Tí Wọ́n Sùn Sí

Bí ẹ bá wọ itẹ́ òkú Àtàn ní Yaba ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ ó bá àwọn ọkùnrin kan lábẹ́ igi, àdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣọ́bìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n ń wo ojú ẹni tó ń bọ̀. Wọn kì í béèrè ohun tí ẹ bá wá. Ẹni tó wá sìnkú kì í dá wá. Ẹni tó bá dá wá, tó ń wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tí owó bọ́ sọnù lápò rẹ̀, ibojì ló ń wá. "Ọdún wo ni?" ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn bi mí. Kò béèrè orúkọ. Ó yà mí lẹ́nu títí ó fi ṣàlàyé: òjò a máa fọ orúkọ kúrò lára sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀. Apá ibi tí wọ́n bá ti ń sìnkú lọ́dún kan, ibẹ̀ ni wọ́n á máa tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn sí títí yóò fi kún. Bí ẹ bá ti mú ọdún dání, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Ìlà ló kàn. Orúkọ ló kẹ́yìn.

Ẹni tó bá gbẹ́ kànga là ń yìn nílùú yìí. Ẹni tó ń gbẹ́ sàréè, bí a bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, à á sọdá sí òdìkejì títì. Tiwọn ni oríyìn òní: àwọn agbẹ́lẹ̀ Àtàn, àwọn akọ̀wé ìjọ tó ń gbé ìwé orúkọ òkú sókè kí ikán má bàa dé ibẹ̀, àti gbogbo ẹni tó ń tọ́jú òkú tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bàbá tó bí bàbá mi ni mò ń wá. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, ní Lókò, Ẹ̀bútè Mẹ́tà, ọ̀kan nínú àwọn tó ju irinṣẹ́ sílẹ̀ nígbà ìyanṣẹ́lódì ńlá 1945 tí Michael Imoudu wà nídìí rẹ̀. Ó kú kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, nínú òjò, ní àkókò tí owó kò sí nílé. Ìlú rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ, nítorí ibẹ̀ ni ojú oórì bàbá rẹ̀ wà. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ní kí wọ́n fi sí Àtàn ná, pé bí nǹkan bá rọrùn, àwọn á wá gbé e lọ sílé. "Ná" yẹn ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí.

Bàbá mi nìkan ló mọ ibẹ̀. Lọ́dọọdún, á wọ ṣòkòtò iṣẹ́, á mú àdá àti omi inú ike, á ní òun ń lọ rí bàbá òun. A ò bá a lọ rí, kò sì pè wá. Nígbà tí òun náà lọ, ó mú ọ̀nà náà lọ. Ohun tó kù fún wa ni rìsíìtì kan nínú agolo bísíkíìtì ìyá mi, tí ikán ti jẹ ìdajì nọ́ńbà ara rẹ̀. Mo kọ́kọ́ mú un lọ sí ọ́fíìsì kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo bá níbẹ̀ wo bébà náà, ó wò mí, ó ní nígbà tí wọ́n já rìsíìtì yìí, wọn ò tíì bí ìyá òun. Òótọ́ ló sọ. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó, ìdí tí àwa Yorùbá tí à ń náwó rẹpẹtẹ lé òkú lórí, tí à ń dá aṣọ ẹbí, tí à ń pe onílù, kì í fi í padà sí itẹ́ òkú mọ́ bí ọjọ́ kẹjọ bá ti kọjá. Àwọn kan ní ojú ayé la ń ṣe. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn baba wa kì í gbé òkú àgbà kúrò nílé. Inú yàrá, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí àgbàlá ni wọ́n ń sin ín sí. Wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ojú rẹ̀, ọmọ á tẹ́ ẹní lé e lórí, ẹni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn á gbé obì àti omi tútù lọ bá a níbẹ̀. Òkú tí wọ́n ń gbé lọ sínú igbó ni ti ẹni tó kú irú ikú tí a kì í dárúkọ lójú ọmọdé. Nígbà tí ìjọba Òyìnbó wá fòfin de sísin òkú sínú ilé ní Èkó, tí wọ́n ní kí oníkálukú máa gbé òkú rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ ìjọba, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ni pé kí àwọn lọ ju bàbá àwọn sígbó. Wọ́n gbé e lọ, òfin ni. Ọkàn wọn kò bá ẹsẹ̀ wọn dé ibẹ̀. Títí dòní, bí ẹ bá pe Àtàn lójú àgbàlagbà, ààtàn ni etí rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ́.

Èkó tún bù kún un. Ní 1955, àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board), tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku jà nígboro, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín Èkó, wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris, Òyìnbó tó ṣèwádìí lórí rẹ̀ tó sì tẹ ìwé jáde ní 1961, kọ bí agboolé ṣe fọ́n ká, tí ẹ̀gbọ́n ò sí nítòsí àbúrò mọ́, tí owó ọkọ̀ sì di ìdènà láàárín ìyá àti ọmọ. Wọ́n di àpótí, wọ́n di ẹní, wọ́n di ìkòkò. Kò sí ẹni tó lè di ojú oórì. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń pe ara wa ní ọmọ Sùúrùlérè, inú àdánù yẹn ni wọ́n bí wa sí, a kàn ò mọ̀ ni.

Ẹni tó bá sì rò pé orúkọ ńlá lè gba òkú sílẹ̀, kó lọ béèrè Ajẹ́lẹ̀. Itẹ́ òkú ni Ajẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní Erékùṣù Èkó lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí, ẹni tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, tó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè tí à ń kà lójú ewé yìí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin Kápútẹ́nì James Pinson Labulo Davies sí ní 1906. Davies mọ bí a ṣe ń rántí òkú: nígbà tí Sarah Forbes Bonetta ìyàwó rẹ̀ kú sí Madeira ní 1880, ó gbé òpó òkúta kan dúró fún un ní Ìjọn, níbi oko kòkó rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n sin òun fúnra rẹ̀ sí wá di ohun tí ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Bìrìgédíà Mobọ́lájí Johnson, wó palẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Wọ́n gbé egungun Bíṣọ́ọ̀bù lọ sí Kàtídírà ní Marina. Ilé ìjọba ìbílẹ̀ ló wà lórí ilẹ̀ náà lónìí. Wọlé Ṣóyínká kọ̀wé nípa rẹ̀, ìbínú rẹ̀ kò sì fara sin. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, mélòó nínú wọn ló mọ ibi tí tiwọn wà?

Ẹ má bínú pé mo rìn jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìyìn. Mo fẹ́ kí ẹ rí ohun tí àwọn agbẹ́lẹ̀ yìí ń ṣe ni: ohun tí orúkọ ńlá ò lè dì mú ní Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi orí àti àdá dì mú ní Àtàn. Àwọn kọ́ ni òfin sì gbé e lé lọ́wọ́. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi itẹ́ òkú sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran àti ilé ìyàgbẹ́ ìta gbangba. Ẹ wo àwọn tí wọ́n jọ kó sójú kan. Ọjà ń pa owó wọlé lójoojúmọ́, gáréèjì náà ń pa á. Òkú kì í san owó lẹ́ẹ̀kejì. Koríko Àtàn ò ṣàdédé ga.

Ní Àtàn yìí kan náà, àwọn kan wà tí àjọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jíhìn lórí wọn: àwọn ọmọ ogun tó kú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Commonwealth War Graves Commission ni orúkọ àjọ náà, láti 1917 ló sì ti wà. Ìlànà tó gbé kalẹ̀ ni pé ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, ọ̀gá ológun àti ẹni tó ń gbé ìbọn tẹ̀lé e, àmì wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, orúkọ oníkálukú gbọ́dọ̀ wà lára tirẹ̀. Ó dára létí. Àmọ́ ní oṣù Kẹrin 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ tẹ ìwé jáde, ó tọrọ àforíjì: nínú àwọn tó kú fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kéré tán 116,000, bóyá wọ́n tilẹ̀ tó 350,000, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí tí wọn ò ṣe ìrántí wọn rárá. Ọmọ Áfíríkà àti ará Àárín Ìlà Oòrùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ alárù, àwọn tó fi orí ru ọta ìbọn àti oúnjẹ la igbó kọjá. Guggisberg, tó jẹ́ gómìnà Gold Coast, ti sọ ní 1923 pé òkúta ibojì kò lè yé ọmọ ilẹ̀ náà, kò sì ní mọyì rẹ̀. Ó dájú pé kò tíì wọ yàrá tí bàbá àgbà sùn sábẹ́ ẹní rí.

Ta ló tú àṣírí náà? Ọ̀jọ̀gbọ́n Michèle Barrett ló jókòó ti àwọn ìwé àtijọ́ yẹn tó ń tú wọn wò. Ilé iṣẹ́ David Olusoga, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó níbí, ló sọ ọ́ di fíìmù, David Lammy, aṣòfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì dúró níwájú kámẹ́rà ní 2019 tó ń béèrè pé níbo lẹ kó àwọn èèyàn yìí sí. Oríyìn yìí kàn wọ́n. Nǹkan kan náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú bàbá aládàá tó bi mí pé ọdún wo ni: wọ́n ń wá ibi tí ẹni kan wà.

Obìnrin kan tún ń bẹ ní Brazil tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi kí. Ní 1996, Merced Guimarães ń tún ilé rẹ̀ ṣe ní Rio de Janeiro, àwọn bíríkìlà gbẹ́ ilẹ̀, egungun ni wọ́n bá. Egungun àwọn ọmọ Áfíríkà tí ọkọ̀ ẹrú ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀ ni, tí wọ́n kú kí wọ́n tó tà wọ́n, tí wọ́n dà wọ́n sínú kòtò. Ẹni tó mọ ohun tí ilé kíkọ́ ń gba lọ́wọ́ èèyàn mọ̀ pé ó rọrùn láti da kọnkéré lé gbogbo rẹ̀ kí a sì dákẹ́. Merced pe àwọn aláṣẹ, ó sì sọ ilé náà di ibi ìrántí. Wọn kì í ṣe ẹbí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ìdajì nọ́ńbà tí ikán jẹ kúrò lára rìsíìtì, inú ìjọ kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà ni mo ti rí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tó lé ní ọgọ́rin ọdún, ló rántí ìjọ tó sin bàbá wọn. (Bí ẹ bá ń wá ibojì, ìyá àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ẹ tó lọ bá ọ́fíìsì. Ọkùnrin a máa rántí iye tí ìsìnkú ná wọn. Obìnrin a máa rántí ẹni tó wàásù, ohun tí wọ́n sè, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ.) Ẹ̀bútè Mẹ́tà kò ṣàì mọ ìwé. Àwọn Kristẹni Ẹ̀gbá tó sá kúrò ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn Ìfọ́lé 1867, nígbà tí wọ́n fọ́ ilé ìjọsìn wọn, tí Gómìnà Glover fún ní ilẹ̀ níbẹ̀, ìlú tí Ìwé Ìròyìn Henry Townsend ti ń tẹ ìròyìn ọmọ tuntun àti ti òkú jáde láti 1859 ni wọ́n ti wá.

Akọ̀wé ìjọ náà ti dàgbà, ó fi òwú so ẹsẹ̀ dígí ojú rẹ̀. Ó gbé ìwé kan sílẹ̀ tó tóbi bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi aṣọ nu ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó ṣí i. Kò wá orúkọ kíákíá. Ó ń fi ìka sọ̀ kalẹ̀ lójú ewé, ó ń kí àwọn tó bá mọ̀ nínú wọn: "Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Sàmúẹ́lì, ìwọ lo jẹ ẹ̀gbọ́n mi ní gbèsè." Ojú ewé kan wà tí ọmọdé pọ̀ lórí rẹ̀ ju àgbà lọ, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ọmọ oṣù mẹ́ta, ọmọ ọdún kan. Ó yí i kọjá láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó kan tiwa, ó yí ìwé náà sí mi kí n fúnra mi kà á. Orúkọ wà níbẹ̀. Iṣẹ́: rélùwéè. Ọjọ́ ìsìnkú. Nọ́ńbà ibojì ní Àtàn, pé pérépéré, yíǹkì rẹ̀ ti di àwọ̀ epo pupa. Mo béèrè iye tí màá san. Ó ní kí n ra táńkì omi fún ìjọ bí Ọlọ́run bá bùkún mi, ṣùgbọ́n lónìí, kí n lọ fọ ọwọ́ mi, eruku wà lórí rẹ̀.

Ọdún àti nọ́ńbà tí mo mú padà fún bàbá agbẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde, ó na àdá kan sí mi. "Ẹ mú un dání, ọ̀gá mi. Ẹ ò lè máa rìn lófo lẹ́yìn mi." A wọnú ewé Akíntọ́lá tó ga jù mí lọ (àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣèlú bàbá oníkálukú bá ṣe rí). Kò ka ìlà. Àdúgbò ló ń tò, bí ẹni tó ń júwe ilé ní Mushin. "Ẹ yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàájà onítáìsì búlúù. Ti Tíṣà nìyí, ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà, ó máa ń fi owó ránṣẹ́ bí Kérésìmesì bá kù díẹ̀. Ti Bàbá Télọ̀ nìyí, àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì kì í wá lọ́jọ́ kan náà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìyìn mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Bí a ṣe ń lọ, kò ṣá koríko ọ̀nà wa nìkan. Ó dúró lórí ibojì kan tí kò ní àmì, ó ṣá tirẹ̀ mọ́ kíníkíní. Ó ṣe òmíràn. Ó ṣe ẹ̀kẹta, tí wọ́n fi pèrègún kan ṣoṣo gún sí ìgbèrí rẹ̀. Mo bi í pé àwọn wo ló ni ìwọ̀nyí. Ó ní wọn ò lẹ́nì kan. Mo ní ta wá ni yóò san owó wọn. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọdé ń béèrè. "Kò sẹ́ni tó máa san án. Àbí kí n fo àwọn? Koríko tiwọn ló máa tún padà wá bo ẹni tí wọ́n sanwó fún mi lé lórí." Ó gún àdá mọ́lẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ibi tí kò bá sì mọ́, wọ́n á ní kò lólóhun. Tó bá pẹ́, wọ́n á gbé ẹlòmíràn wá sùn lé e."

Nígbà tí a dé ìlà náà, a bá nọ́ńbà tó ṣáájú tiwa lára òkúta kékeré kan. A kò bá tiwa. Koríko nìkan ló wà níbẹ̀, àti ilẹ̀ tó rì díẹ̀ bí àwo ọbẹ̀. Bàbá fa rọ́ọ̀dù kan yọ, irin ilé kíkọ́ tí wọ́n pọ́n ẹnu rẹ̀. Ó gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó sún ẹsẹ̀ kan, ó tún gún un, ó wọlé. Ó sún sápá òsì, ó gún un, irin náà dún kó! Ó tún gún ìtòsí rẹ̀. Kó! Ó ní, "Ó ń bẹ. Ilẹ̀ ló gbé e mì." Ó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: igi pósí á jẹrà, inú á ṣófo, òjò á mú kí erùpẹ̀ rọ̀ wọlé, kọnkéré á sì máa tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí koríko yóò fi bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ibojì pẹ́ lójú ilẹ̀, kó dúró kí òjò ọdún kan lù ú kó tó da sìmẹ́ńtì lé e. Kó má sì fi ọ̀dà kọ orúkọ, kó gbẹ́ ẹ wọnú òkúta ni.

Tiwa, ìṣó ni wọ́n fi kọ ọ́ nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù. A gbẹ́ erùpẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ìdá kan ti fọ́ lọ. Lẹ́tà mẹ́ta ìparí orúkọ ìdílé wa ló kù, àti nọ́ńbà náà. Lẹ́tà kan wà tí ẹni tó kọ ọ́ kọ sẹ́yìn, bí ọmọdé ṣe ń kọ ọ́. Bàbá mi ti tó ọmọ ọdún mélòó nígbà yẹn? Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ bí a bá rí i, mo tilẹ̀ kọ oríkì wa sínú fóònù kí n má bàa ṣì í kì. Kò sí èyí tó jáde lẹ́nu mi. Mo bá ara mi ní ìdọ̀bálẹ̀ nínú potopoto, tí mò ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Agbẹ́lẹ̀ mi yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan títí mo fi dìde, lẹ́yìn náà ló wá ní ọṣẹ ìfọṣọ kò ní tó o, kí n ra òróǹbó wẹ́wẹ́ sí i.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ, pé àwọn ọkùnrin Àtàn fẹ́ràn owó, pé bí ẹ bá ti wọlé, wọ́n á ti máa dá iye lé yín. Ó ṣeé ṣe kí irú wọn wà níbẹ̀. Ní Yaba tí ẹni tó bá fẹ́ yàrá kan ṣoṣo ti ń san owó adéhùn, tó ń san owó alágbàtà kó tó kan owó ilé, mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú ni a ti wá fẹ́ bá áńgẹ́lì pàdé. Ẹni tí mo bá pàdé gba owó iṣẹ́ rẹ̀, owó náà kò sì tó ohun tó ṣe. Kò ní bọ́ọ̀tù, bàtà rọ́bà tó já ló fi ń rìn láàárín ìgò fífọ́ àti ejò. Kò sí ẹni tó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀. Orí rẹ̀ ni ìwé náà, orí náà sì ti funfun.

Ìdí nìyí tí oríyìn yìí fi ní ẹ̀bẹ̀ nínú. Yunifásítì Èkó wà ní Akọ́kà, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní wíwọn ilẹ̀ níbẹ̀. Yábátẹ́ẹ̀kì ti wà ní Yaba láti 1947. Kí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ wá sí Àtàn fún sáà ẹ̀kọ́ kan, kí wọ́n máa tẹ̀lé àwọn bàbá yìí lẹ́yìn, kí bàbá máa sọ, kí ọmọ máa kọ: Àlàájà onítáìsì búlúù, Tíṣà, Bàbá Télọ̀. Kì í ṣe ohun tí apá ò ká. Àwọn ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, gba ilé Jaekel sílẹ̀ nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà, ilé pákó àti bíríkì tó ti ń wó lọ, wọ́n tún un ṣe títí ó fi di ibi tí ọmọ ilé ìwé ń wá wo àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ bíi bàbá bàbá mi. Ẹni tó tún ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ṣe ti ṣe ipa tirẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ibi tí wọ́n sùn sí ló kù.

Kí n tó lọ lọ́jọ́ náà, òòrùn ti mú, a jọ jókòó sórí bíríkì lábẹ́ igi, a ń mu omi inú ọ̀rá. Mo bi bàbá pé, nígbà tó ti mọ gbogbo ibẹ̀ tó báyìí, níbo nínú Àtàn ló ti mú fún ara rẹ̀. Ẹ̀rín pa á tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi gba imú rẹ̀ jáde, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń wò wá.

"Èmi kẹ̀? Ní Àtàn?" Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ìjẹ̀bú ni wọ́n máa gbé mi lọ o, mo ti sọ fún àwọn ọmọ. Ẹ gbọ́, ọ̀gá mi, ta ló ń sùn síbi iṣẹ́?"